Ìpáàrà

Bọ́sẹ̀dé ọmọ Fálúyì, tí ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkéré,
kò fi orúkọ ara rẹ̀ sórí orin rẹ̀ kankan.
Ìpáàrà ló ń jẹ́ níbẹ̀.
Mo ní, "Ìpáàrà tí ń jẹ páànù?"
Ó ní, "Òun náà ni, Bọ̀dá Ajíbóyè.
Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti kó jáde."

Òun nìkan lóòótọ́. Kò sí onílù, kò sí elégbè,
kò sí ẹni tí yóò ní kó dín ariwo kù àfi ìyá rẹ̀.
Kọ̀ǹpútà kan tí bọ́tìnì mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀,
ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tó fi rọ́bà so mọ́ igi ìgbálẹ̀,
yàrá tó fi kíréètì ẹyin bo ògiri rẹ̀.

Oṣù tí ẹ̀gẹ́ wọ́n ló wá bá mi.
Mo rò pé ó fẹ́ rin ẹ̀gẹ́, mo dá iye lé e.
"Kì í ṣe ẹ̀gẹ́, Bọ̀dá. Ohùn ẹ́ńjìnnì yín ni."
Mo fa okùn. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà:
gbàgàdà gbàgàdà gbàgàdà,
páànù òrùlé ń dá a lóhùn, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀.
Òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán kò mira.
Bọ́sẹ̀dé pajú dé bí ẹni tí wọ́n ń dirun fún.

Àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ.
Filáàṣì mẹ́jọ ló dà á sí,
ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kọ *Iná Ti Lọ* sára wọn.
Awakọ̀ kan tí ń ná Adó ra ọ̀kan.
Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní èrò méjì sọ̀kalẹ̀ lọ́nà,
wọ́n rò pé jíà ọkọ̀ ti kú.
Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Mi ò tíì rí ìyìn tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni *Ulé*. Bí a ti ń pè é lẹ́nu tiwa ló ṣe kọ ọ́,
ó ní ẹni tí kò bá gbọ́ kó máa wá a kiri.
Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì mi wà. Ó gé e, ó dojú rẹ̀ dé,
ó fà á gùn bí ọbẹ̀ ilá,
ó fi ohùn ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń pe ọmọ láti inú kànga.
Àwọn ará Jámánì rà á, mi ò mọ iye.
Ó fi owó náà ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó gba ohùn ìyẹn náà sílẹ̀,
ẹ̀kẹta jáde kí epo àkọ́kọ́ tó tán.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ẹ́ńjìnnì mi kú.
Béárìn jó, ọ̀pá tẹ̀.
Àwọn tí ń ra irin àlòkù wọ̀n ọ́n bí ẹran, wọ́n gbé e lọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún.
Mo kan ilẹ̀kùn ọmọ náà lálẹ́. Mo ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ *Ulé*."

Ìṣẹ́jú kẹrin, lábẹ́ gbàgàdà,
kín-ín.
"Dá a padà."
Ó dá a padà. Kín-ín. Tín-ín-rín, bí eyín òyìnbó lórí àwo.
Béárìn ni. Ó ti ń ké láti ìgbà náà,
èmi tí mo ń dúró tì í lójoojúmọ́ kò gbọ́.

Bọ́sẹ̀dé tẹjú mọ́ mi. "Ibẹ̀ yẹn gan-an?
Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi
pé ẹkún ń gbọ̀n òun tó bá débẹ̀, òun ò mọ ìdí."
Mo ní, "Sọ fún un pé gírísì ni.
Gírísì agolo kan ṣoṣo."

Ẹ̀rọ tuntun mi, iná ló ń lò, ó ń kùn jẹ́jẹ́.
Bọ́sẹ̀dé wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó mirí, ó lọ.
Àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń gbé etí lé e báyìí
bí ẹni ń tẹ́tí sí oyún.
Ìpáàrà ń ṣe ẹ̀kẹrin lọ́wọ́, kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.
Ó wá yá agolo gírísì mi tó ti ṣófo,
mo ń gbọ́ ọ láti inú ògiri ní aago méjì òru.
Kò tíì dá a padà.